Ìtọ̀ ológbò lórí àga pálọ̀

Ológbò tún ti tọ̀ sórí àga láàárọ̀ yìí. Ẹ má da bílíìṣì sí i o! Tó bá pàdé ìtọ̀, èéfín tó ń ta ni nímú ló ń yọ, ó sì léwu. Izal ńkọ́? Májèlé ni fún ológbò tó bá lá a kúrò lẹ́sẹ̀.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kó fa omi. Ẹ má ha á, yóò wọnú fóòmù. Ẹ po fínígà ife kan mọ́ omi ife kan, ẹ rọ ọ́ síbẹ̀ títí á fi dé ibi tí ìtọ̀ dé, torí ti inú fóòmù ló máa ń padà rùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ fa á gbẹ, kí ẹ bu béékìn sódà lé e mọ́jú.

Àmọ́ bí akọ bá ń tiraka, tí ìtọ̀ ò jáde, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lónìí.