Bàtà ẹsẹ̀ kan

Mò ń gbálẹ̀ yàrá Màámi láàárọ̀ yìí ni mo bá rí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ òsì nìkan. Dúdú, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù kí n tó rántí.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ní Ọ̀wọ̀. Máàsì ń parí lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ nígbà tí àwọn agbébọn dé. Ìbọn, bọ́ǹbù. Bí 40 èèyàn ló kú, ọmọdé wà níbẹ̀.

Àkúrẹ́ ni mo wà. Mo pe Màámi títí, kò gbé e. Ìgbà tó máa gbé e, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàtà mi ti ṣẹ́kù sọ́hùn-ún o." Ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló gbẹ̀yìn. Àṣé abẹ́ bẹ́ńṣì ló wà, tó wá fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré wálé.

Ọdún Àjíǹde 2023 ni wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Màámi lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí, òun tí kì í kúrò níwájú!

Mo bi í ṣé kí n da bàtà yìí nù.

"Fi síbẹ̀."

Mo gbálẹ̀ yí i ká.