Ojóró orí òkè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láàárín àwa oníkẹ̀kẹ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn, tí ẹ sì ń fi fọ́ọ̀nù ka bí ẹ ṣe rìn sórí Strava, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà ni mo ń wí o, kì í ṣe Maruwa. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ jáde. Mo ti rí ìjà, mo ti rí ìbínú, mo ti rí ẹni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí adé tí kò ṣeé dé sórí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe ojóró lórí áàpù yìí, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí àwa yòókù ní ló ń bà jẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kan ṣoṣo ni pé a ò ní rẹfirí. Ní àwọn ìlú tí eré kẹ̀kẹ́ ti gbilẹ̀, ọmọ tó bá rò pé ẹsẹ̀ òun le yóò rí ìdíje lọ lópin ọ̀sẹ̀, yóò rí adájọ́ tó di aago mú, yóò sì rí ẹni tó máa nà án ní gbangba tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Àwa ńkọ́? Ìdájí Sátidé ni tiwa, kí àwọn oní-Micra tó gba títì. À ń ti Ṣáńgò gba iwájú Yunifásítì, ká kọjá Òjòó, ká kọjá IITA, ká dé Mọ́níyà, ká yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun le ju bí òun ṣe wà lóṣù tó kọjá lọ, fọ́ọ̀nù ló máa bi. A ò sì pọ̀. Ní London, bí àkókò èké bá bọ́ sórí tábìlì tí áàpù ń to àkókò àwọn èèyàn sí, ojú tó ń wò ó pọ̀ débi pé kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi tú u fó. Lọ́dọ̀ wa, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko tí ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni Strava ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Fọ́ọ̀nù yín á máa gba àmì lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì, á sì máa kọ ibi tí ẹ dé sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá gba orí abala ọ̀nà tí ẹnì kan ti sàmì sí, tí wọ́n ń pè ní ségímẹ́ǹtì, áàpù á yọ àkókò yín níbẹ̀, á tò yín sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn tó ti gba ibẹ̀ rí. Ọkùnrin tí eré rẹ̀ yá jù di Ọba Òkè, obìnrin tí eré rẹ̀ yá jù di Ayaba, áàpù á gbé adé lé wọn lórí. Aago ségímẹ́ǹtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni; bí ọlọ́pàá títì bá dá yín dúró láàárín rẹ̀, ó ń kà á mọ́ yín lọ́rùn. Ní 2020 wọ́n fi ipò mìíràn kún un, fún ẹni tó bá gba abala náà lọ́pọ̀ ìgbà jù láàárín ọjọ́ 90, ì báà jẹ́ pé ńṣe ló ń rọra lọ. Ipò yẹn ni mo fẹ́ràn jù, mi ò tíì rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ló ń gùn, jíà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú kan náà ni ṣéènì máa ń wà, ì báà jẹ́ òkè, ì báà jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá dé Bẹẹrẹ tí a kọjú sí Mápó, ṣe ló máa dìde kúrò lórí ìjókòó, á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin, á máa fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, orí rẹ̀ á máa lọ sọ́tùn-ún sósì, títí á fi dé iwájú gbọ̀ngán tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn. Àwa tí jíà pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ wa á ṣì wà nídajì òkè. Òun ló ni adé ibẹ̀, kò sí ẹni tó bá a du ú.

Àfi bí àkókò tuntun ṣe yọ sórí tábìlì lọ́jọ́ kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tirẹ̀. Ọmọ yìí ò bínú. Ohun tó ṣe ló dùn mí títí dòní: ó gbà á gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Mápó láàárọ̀ kùtù kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gùn ún, á sọ̀ kalẹ̀, á tún un gùn. Ó dín oúnjẹ kù kó lè fúyẹ́, ọmọ tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ igi lójúmọmọ! Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́ ní Sátidé. Mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ni ò dáa. Mo ti ṣe gbogbo èyí tí mo mọ̀." Ẹsẹ̀ tó le jù nínú ẹgbẹ́ wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Mo bá ṣí ìrìn tuntun náà wò. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi mọ sórí tábìlì. Ẹ fọwọ́ kan ìrìn gan-an, kí ẹ wo ìlà tó ń fi eré hàn. Oníkẹ̀kẹ́ tòótọ́, bí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ á wálẹ̀. Bó bá ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìlà á ta sókè. Ti ìrìn yìí dúró ní Bẹẹrẹ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbéra, ó gba òkè lọ ní eré tó lé ní kílómítà 40 ní wákàtí kan, kò rẹlẹ̀ rárá. Ẹni tó ni ín sì máa ń de aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́wọ́. Lórí òkè yẹn, ọkàn rẹ̀ kò lù kọjá 80 ní ìṣẹ́jú kan. Bí èèyàn ṣe máa ń wà nìyẹn bó bá jókòó tó ń gbatẹ́gùn.

Ìṣirò kan tún wà tí mo máa ń ṣe, tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Ẹni tó wúwo tó kílò 70, tó gun kẹ̀kẹ́ kílò 10, kílò 80 ló ń gbé lọ sókè. Bí òkè náà bá ga tó mítà 50, tí ó sì gùn ún dé òkè ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti mú jáde á tó nǹkan bíi wáàtì 650, láìtíì ka atẹ́gùn tó ń dojú kọ ọ́. Àwọn tó ń díje kẹ̀kẹ́ gidi ló lè ṣe é. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 330, ìyẹn ṣeé gbà gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é déédéé. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ojú ojóró wo ẹnikẹ́ni, ẹ wo gíga òkè, ẹ wo àkókò, ẹ ṣe ìṣirò. Ẹ má sì torí ìṣẹ́jú àáyá kan dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó ń sá kílómítà 30 ní wákàtí kan ń la mítà mẹ́jọ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́ọ̀nù tó wà nínú àpò sì lè ṣi ibi tí ẹ wà mú tó bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín àwọn ilé gíga Dùgbẹ̀. Lórí ségímẹ́ǹtì kúkúrú, àṣìṣe áàpù nìkan tó láti gbé adé láti orí ẹnì kan sórí ẹlòmíì.

Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ló ni ìrìn náà, ẹni tí gbogbo wa ń dọ̀bálẹ̀ kí. Àwọn kan ní kí n gbé e sí WhatsApp ẹgbẹ́, mo kọ̀. Ẹni tó bá pe àgbà lólè lójú ọmọdé, bó jàre ọ̀rọ̀ náà, ó ti jẹ̀bi ìwà. Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo kí wọn, mo béèrè ará ilé, mo wá gbé fọ́ọ̀nù síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo ìrìn yín yìí, ó dà bíi pé áàpù ṣi nǹkan kà." Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni táyà bẹ́ mọ́ àwọn nídìí ní Bẹẹrẹ, àwọn gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn Micra, àwọn ò rántí pa áàpù. Wọ́n wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára: "Mo kúkú rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ gbogbo yín ti ń kí mi kú oríire."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìgbàgbé ló kọ́kọ́ jẹ́, ìdákẹ́ ló sọ ọ́ di ojóró, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti rí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè gé ìparí ìrìn náà kúrò, láti ibi tí wọ́n ti wọkọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kílómítà tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wà ṣì wà níbẹ̀, adé sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ti ọmọ káfíńtà yẹn ló pẹ́. Ó wá ní Sátidé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé Bẹẹrẹ, á máa wo ẹ̀yìn, á máa dúró dè wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kó tó tún dìde lórí ìjókòó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ti àmọ̀ọ́mọ̀ náà wà. Àwọn kan ń di ẹ̀yìn tírélà mú gun òkè lójú ọ̀nà márosẹ̀, èyí tó lè pa wọ́n kí adé tó dé. Àwọn kan ń fi fọ́ọ̀nù rán ẹni tí eré rẹ̀ yá. Ní Indonesia ní 2024, ìròyìn kàn káàkiri nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbowó sáré fún ẹlòmíì, kí orúkọ ẹni tó sanwó lè jáde lórí Strava. Ìkànnì kan ti wà rí tó ń jẹ́ Digital EPO, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bá èèyàn tún fáìlì ìrìn ṣe kó lè dà bíi pé eré rẹ̀ yá sí i. Kò sì mọ sọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣe é fún fàájì. Ní 2019, British Cycling, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní Britain, gba ipò àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ Cameron Jeffers, tó borí nínú ìdíje Zwift, eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sá ìdíje náà, àmọ́ kẹ̀kẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó gùn, tó yá ju ti ẹlòmíì lọ, ètò orí kọ̀ǹpútà ló bá a ṣiṣẹ́ gbà á. Wọ́n ní kó san 250 pọ́n-ùn, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje fún oṣù mẹ́fà. Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́. Àwọn tó kù náà fi òógùn ojú wọn wá kẹ̀kẹ́ tiwọn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ du adé Mápó báyìí, á kọ́kọ́ sọ, ẹnì kan á dúró sókè pẹ̀lú aago. Ohun tó bá wu áàpù ló lè kọ, ti ẹni tó dúró sókè la ń kà láàárín ara wa. A ò fi ìpíndọ́gba eré gbogbo ìrìn díje mọ́, torí ẹni tó gbéra láti Mọlété tó la Dùgbẹ̀ kọjá kò lè bá ẹni tó tan áàpù rẹ̀ ní Òjòó dọ́gba. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní bátìrì, kó yàn án bẹ́ẹ̀ lórí áàpù, ipò tirẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fi ọ̀wọ̀ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó kọ̀ jálẹ̀, ẹ fẹ̀sùn kan ìrìn náà nínú áàpù, àyè rẹ̀ wà, ìrìn náà á kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ jọ máa pàdé ní Sátidé.

Èyí tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí jù ni adé ibi tó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní Berkeley, ní California, ní 2010, ẹnì kan gba adé ìsọ̀kalẹ̀ òkè lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ yìí padà lọ láti gbà á, ó tẹ bíréèkì lójijì nítorí ọkọ̀ kan, ó sì kú níbẹ̀. Ẹbí rẹ̀ pe Strava lẹ́jọ́ ní 2012, ilé ẹjọ́ fọwọ́ rọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní 2013, wọ́n ní ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà Berkeley ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Tiwa tí ewúrẹ́ ń sọdá, tí ọ̀kadà ń yọ láti kọ̀rọ̀, tí gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìní ìdérí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá rí ségímẹ́ǹtì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó sí Bẹẹrẹ, tàbí láti Òkè Àrẹ̀ wá sísàlẹ̀, kó ṣí i, kó sàmì sí i pé ó léwu, áàpù ò ní fi tábìlì rẹ̀ hàn mọ́. Mo ti ṣe ti ìsọ̀kalẹ̀ Mọ́kọ́lá. Ẹ bá mi ṣe ti àdúgbò yín kí òjò tó dé, torí bíréèkì tó bá ti mumi kì í tètè di táyà mú.