Ìtànná Funfun tí Ń Là ní Òru: Ìrìn Àjò Mi sí Aṣálẹ̀ Anza-Borrego

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 2019 ni mo dé Borrego Springs, ìlú kékeré kan tí aṣálẹ̀ Anza-Borrego yí ká ní gúúsù ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tí kò ní iná ìdarí ọkọ̀ kankan ní gbogbo ìgboro rẹ̀. N kò ṣàdédé mú ọjọ́ náà. Oṣùpá yóò fara pamọ́ pátápátá ní ọjọ́ kẹfà, mo sì fẹ́ ya àwòrán kan tí òdòdó aṣálẹ̀ yóò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Milky Way yóò sì nà gbọọrọ lókè. Ojú ọ̀run ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ẹni tó bá sì kà á dáadáa lè mọ ibi tí ìràwọ̀ kan yóò wà ní ọdún mẹ́wàá sí òní. Òdòdó aṣálẹ̀ ni kò ṣeé bá dá ọjọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé irúgbìn tó wà nínú iyanrìn ibẹ̀ kì í tètè gba òjò gbọ́. Onímọ̀ nípa ewéko kan tó ń jẹ́ Frits Went, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech, ṣe àyẹ̀wò irúgbìn aṣálẹ̀, ó sì rí i pé òjò tí kò bá tó nǹkan bí ìdajì ínǹṣì kì í jí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí a bá jẹ́ kí omi rin iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, irúgbìn náà kì í hù, bó ti wù kí ilẹ̀ tutù tó. Àfi kí omi ti òkè wá, kí ó sì ṣàn kọjá lára wọn. Èròjà kan wà lára irúgbìn náà tí ń dá a lẹ́kun híhù, òjò tó pọ̀ nìkan ló sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Àkókò tí òjò rọ̀ pàápàá ní ipa tirẹ̀, nítorí pé òjò ìgbà ooru kì í jí àwọn òdòdó ìgbà ìrúwé. Wọ́n ń dúró de èyí tí yóò rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù. Irúgbìn tó bá yára hù lẹ́yìn ọ̀wààrà kékeré kan yóò gbẹ kí ó tó so, ìran rẹ̀ yóò sì parẹ́. Nítorí náà ni ọdún púpọ̀ fi lè kọjá tí ilẹ̀ náà yóò gbẹ táútáú, tí ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò rò pé kò sí ohun alààyè kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Òjò rọ̀ dáadáa láàárín ìparí ọdún 2018 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Nígbà tí mo dé ojú ọ̀nà Henderson Canyon ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ṣe ni ilẹ̀ dà bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́: òdòdó sand verbena elésè àlùkò tí ń rá mọ́ iyanrìn, àti ìtànná aláwọ̀ ìyeyè ti desert sunflower tó dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ohun ìyeyè mìíràn tún wà níbẹ̀ tí inú mi kò dùn sí. Sahara mustard ni wọ́n ń pè é, koríko àjèjì tó ti òkè òkun wọ Amẹ́ríkà, tó ń yára hù, tó sì ń fi òjìji bo àwọn ọmọ onílẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbérí. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń fi ọwọ́ fà á tu ní ọdọọdún. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gidigidi, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè yọ ọ́ láìpa èyí tí a fẹ́ dá sí lára.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ wọn rọra ń rìn, ṣùgbọ́n mo rí ibi mélòó kan tí àwọn ènìyàn ti dùbúlẹ̀ sí láàárín òdòdó kí wọ́n lè ya àwòrán ara wọn, tí ilẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú oṣù kan náà ni ìlú Lake Elsinore, tó wà ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ní láti ti ọ̀nà Walker Canyon fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ èrò tó wá wo òdòdó popi. Òdòdó tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè so èso mọ́, irúgbìn tí ìbá sì dúró nínú iyanrìn de òjò mìíràn kò ní sí níbẹ̀. Ó dùn mí, n kò sì ní fi bò. Ojú ipa odò gbígbẹ, níbi tí kò sí ohun tó hù, ni èmi gbà ní gbogbo ìgbà tí mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ sẹ́yìn òkè ni mo rí ìṣòro tó wà nínú àwòrán tí mo ti ń rò láti ilé. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ń kúrò nínú òdòdó. Apá tí ń mọ àwọ̀ nínú ojú ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Elésè àlùkò di dúdú, ìyeyè di eérú, gbogbo ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá sì wọ inú ilẹ̀ lọ ní ojú mi. Mo lè tan iná líle sí wọn lára kí kámẹ́rà lè rí wọn, ṣùgbọ́n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òru. Borrego Springs gan-an ti gba ìdánimọ̀ àgbáyé láti ọdún 2009 gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ń dá òkùnkùn ọ̀run sí, kò sì tọ́ kí àlejò wá tan iná bí ọ̀sán sí i.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ohun funfun kan hàn sí mi lórí iyanrìn, tí òmíràn tún hàn, tí wọ́n sì di mẹ́wàá. Dune evening primrose ni. Ní ọ̀sán, mo ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìtànná àná ti rọ, tuntun kò sì tíì là. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná, ó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó funfun débi pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ nìkan tó láti fi rí i. Kì í ṣe nítorí tiwa ló fi funfun. Àfòpiná ńlá kan tí wọ́n ń pè ní white-lined sphinx ló ń pè: ó ń rá bàbà lójú kan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ, ó sì ń na ahọ́n gígùn sínú ìtànná láti mu oje rẹ̀. Àwọn ọmọ àfòpiná yìí, kí wọ́n tó hu ìyẹ́, ń jẹ ewé primrose yìí kan náà, àwọn àṣá Swainson tí ń ti Argentina bọ̀ ní àkókò yẹn sì ń sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì náà láti jẹ wọ́n. Bí primrose bá sì kú, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ a tẹ̀ sókè, wọn a pàdé lórí, a wá dà bí àgò adìyẹ tí a gbàgbé sínú iyanrìn. Mo pa tọ́ọ̀ṣì pupa tí mo gbé dání, kí àfòpiná má baà fi òdòdó sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mo sì jókòó.

Lẹ́yìn aago méje alẹ́, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan dúró bí òrùlé ṣóńṣó ní ìwọ̀-oòrùn. Eruku tó wà láàárín àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń bà lé, ìgbà ìrúwé sì ni ó rọrùn jù láti rí i ní alẹ́ ní ìhà àríwá ayé. Mo ya á ní ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí pé ohun tí mo ń dúró dè kò tíì yọ. Ní oṣù Kẹta, àárín gbùngbùn Milky Way, níbi tí ìràwọ̀ ti kún jù, kì í jáde títí òru yóò fi jìn.

Mo ti gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn kí n tó lè wo ojú rẹ̀. Atẹ́gùn ni ọ̀tá mi títí di nǹkan bí aago mẹ́ta. Ìràwọ̀ kò bìkítà fún atẹ́gùn, ṣùgbọ́n òdòdó tó bá mì fún ìṣẹ́jú àáyá kan yóò di èéfín nínú àwòrán. Nígbà tó rọlẹ̀, mo ya òdòdó ní àkọ́kọ́, mo dín ihò lẹ́ńsì kù, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, láìṣí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà nípò, mo yí ojú lẹ́ńsì sí ọ̀run, mo fi Júpítà, ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká, tó ń tàn lẹ́bàá àárín Milky Way wá ibi tó mọ́ jù, mo la ihò lẹ́ńsì gbòòrò (f/2.8), mo jẹ́ kí kámẹ́rà túbọ̀ máa mọ ìmọ́lẹ̀ (ISO 3200), mo sì ya á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yíyí ayé yóò fa ìràwọ̀ gùn bí okùn. Àwòrán méjì ni mo pa pọ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá fi hàn, nítorí pé ó yẹ kí ẹni tí ń wò ó mọ̀.

Nígbà tí Àgùàlà yọ lókè àwọn òkè ìlà-oòrùn, kò sí oṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dá nìkan tàn, ó sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa kámẹ́rà tì, tí mo sì ń wò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdájí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Milky Way nù láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn là, ìtànná tí mo bá ṣọ́ òru ti ń ká, etí rẹ̀ sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Lórí ẹ̀ka kan náà, ọmọ ìtànná kan wà tí kò tíì ṣí. Òun ni mo padà wá jókòó tì ní ìrọ̀lẹ́, títí ó fi là.