Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ Náà?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Tákìé títí dé Sábó, ó ṣòro kí oṣù kan tó parí kí èèyàn má gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan ń lọ ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn Lárúbáwá tàbí fún ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òbí a máa béèrè iye owó oṣù, wọn a sì máa béèrè bóyá ọ̀gá náà ní ojú àánú. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Lẹ́bánónì àti ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mélòó kan, ètò tí wọ́n ń pè ní kafala ni wọ́n ń lò fún òṣìṣẹ́ ilé. Ọ̀gá ni onígbọ̀wọ́, òun ló ń gba àṣẹ, òun náà ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò nínú ilé rẹ̀ láìgba àyè, ó di arúfin nílùú náà, ì báà jẹ́ pé owó oṣù tí wọn kò san ló lé e jáde. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1946 ní Lẹ́bánónì yọ òṣìṣẹ́ ilé sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé ààbò tí òfin náà ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se oúnjẹ tó sì ń tọ́ ọmọ. Ní ọdún 2020, ìjọba Qatar fagi lé òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó pààrọ̀ iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ kò lè mọ̀ pé òfin ti yí padà.

Ìyá kan mú fóònù wá bá mi lásìkò ọyẹ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wo ìwé ọmọ mi yìí, wọ́n ní ó ti jáde.” Àwòrán ọmọ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àbẹ̀wò ni, kò sí orúkọ ọ̀gá kankan lórí rẹ̀. Mo ní, “Màmá, àwọn tó ń lọ kí èèyàn ni wọ́n ń fún ní irú èyí, kì í ṣe ti iṣẹ́.” Ó pe àjẹ́ǹtì lójú mi, ó sì gbé ohùn síta. Ọkùnrin náà ní kò séwu, pé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ tó bá débẹ̀. Nígbà tí ìyá béèrè orúkọ ìdílé tí ọmọ ń lọ bá, ìpè já. Ẹni tó bá fi ìwé àbẹ̀wò ṣiṣẹ́, òun gan-an ti rú òfin. Báwo ni yóò ṣe wá fẹjọ́ ọ̀gá sun ọlọ́pàá?

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tirẹ̀, àṣìgbọ́ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Físà òṣìṣẹ́ ilé níbẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́fà lọ, àwọn tó sì dé láti oṣù kẹrin ọdún 2012 kò lè sọ ọ́ dọ̀tun. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti bá ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán, ọ̀gá náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé ní ìlú mìíràn tó kàn fẹ́ ṣe àbẹ̀wò. Nítorí náà, àǹtí tó ti fi Manchester ṣe ilé kò lè fi físà yìí mú ọmọ ọ̀dọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún 2016, òṣìṣẹ́ lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, àmọ́ inú oṣù mẹ́fà kan náà ni. Àwọn tó sì ń sọ̀rọ̀ físà ìtọ́jú arúgbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìjọba ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ tuntun láti òkèèrè ní oṣù keje ọdún 2025.

Àdéhùn 189 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí ní ọdún 2011 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ilé gba àdéhùn iṣẹ́ lákọsílẹ̀ kó tó kọjá ẹnubodè, kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nílé níbí pẹ̀lú, ẹni tó ń kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àjẹ́ǹtì, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbi àwọn Lárúbáwá. Àwọn ọmọbìnrin láti Tógò àti ilẹ̀ Olómìnira Benin wà nínú ilé wa. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wọ́n láyè láti wọlé láìsí físà, kí wọ́n sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n nílò ìwé àṣẹ ìgbé lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àwọn àjèjì. Mo mọ àwọn ìyá ilé tó ń ṣépè fún àwọn ọ̀gá Lẹ́bánónì, tí wọn kò sì ronú kan ìwé ọmọ tó ń fọ abọ́ wọn. Ẹni tó mú ọmọ náà wá ló ń gba owó rẹ̀, ìparí ọdún ni wọ́n sì máa ń san án. Bí ọmọ náà bá fẹ́ lọ ní oṣù kẹjọ, kò sí ìwé kankan tó so ó mọ́ ilé. Owó oṣù méje tí kò tíì kàn án lọ́wọ́ ló dá a dúró.