Wáyà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fà

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí wifi kò bá dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ lọ wọn agbára rẹ̀ níbẹ̀ ná. -65 dBm (ìwọ̀n agbára wifi; bó bá ṣe súnmọ́ 0 tó ló ṣe lágbára tó) dára. Tó bá ti di -80, fídíò á máa há. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì tó láti fà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ráútà wà, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré kan, lè bá yín tan wifi dé ẹ̀yìn, àmọ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e ni kí ẹ fi so ó mọ́ ráútà. Bí Pi bá ń fi rédíò kan ṣoṣo gba wifi, tó tún ń fi í pín in, ìyára á dín kù tó bí ìdajì.

Nínú raspi-config, ìyẹn àṣẹ tí a fi ń ṣètò Pi, ẹ yan orílẹ̀-èdè yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wifi Pi kò ní ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí; br0 ni afárá tó so ojú wáyà Pi (eth0) pọ̀ mọ́ wifi rẹ̀ (wlan0):

sudo nmcli con add type bridge ifname br0 con-name br0
sudo nmcli con add type ethernet ifname eth0 master br0 con-name waya
sudo nmcli con add type wifi ifname wlan0 master br0 con-name eyin mode ap ssid ILE wifi.band bg wifi.channel 6 wifi-sec.key-mgmt wpa-psk wifi-sec.psk ASIRI
sudo nmcli con mod "Wired connection 1" autoconnect no

Ẹ tún Pi tàn. Ìlà tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: bí kò bá sí i, "Wired connection 1" á di eth0 mú, br0 ò sì ní rí àdírẹ́sì gbà. Ẹ má ṣe é láti ọ̀nà jíjìn lórí SSH, ìyẹn láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, o. Ẹ so kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Àṣẹ hotspot ti nmcli yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 10.42.0.x, fóònù tó wà lórí rẹ̀ kì í sábà rí príńtà tó wà ní pálọ̀.

Nínú àṣẹ náà, ẹ fi orúkọ wifi ráútà yín rọ́pò ILE, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ rọ́pò ASIRI, ṣùgbọ́n kí ráútà wà ní ìkànnì 1 tàbí 11, nítorí Pi ti wà ní 6.

Ṣájà fóònù kò tó: 5V, 3A ni kí ẹ wá. Bí àṣẹ vcgencmd get_throttled, tó ń fi hàn bí iná Pi kò bá tó, bá kọ ohun tó yàtọ̀ sí 0x0, ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣájà àti wáyà rẹ̀ wò. Iná tó ń lọ lójijì máa ń ba kádì SD jẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ tán, ẹ tan Overlay File System nínú raspi-config, kí Pi má bàa máa kọ nǹkan sórí kádì náà mọ́. Ní ti àpótí tí ẹ máa fi Pi sí, ẹ yẹra fún èyí tó jẹ́ irin: ó ń dí áńtẹ́nà.

Fóònù mìíràn á ṣì lẹ̀ mọ́ ráútà pálọ̀ bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹ dín agbára ráútà yẹn kù díẹ̀ nínú ètò rẹ̀, fóònù á fà sọ́dọ̀ Pi.