Kí ẹ tó fi akàn tuntun kún èyí tó wà nílé

Bí akàn méjì tó ń gbé inú ìkarahun bá máa jà, orí ìkarahun ni wọ́n máa jà lé. Irú tí mò ń sọ ni èyí tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tó máa ń wá ìkarahun ìgbín òkun wọ̀, tó sì ń gbé orí ilẹ̀. Èyí tó wà ní etíkun wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Coenobita rubescens. Kubwa níbí, nítòsí Àbújá, ni mo ti ń sìn wọ́n. Àbúrò mi ló mú àkọ́kọ́ wá láti Badagry fún àwọn ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sì mú èkejì bọ̀ lẹ́yìn náà. Agbo ni wọ́n máa ń wà létíkun, torí náà mo fara mọ́ kéèyàn wá ẹnìkejì fún èyí tó dá wà. Ṣùgbọ́n ìmúra tó wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé ló ń sọ bí ìpàdé wọn ṣe máa rí.

Ẹ kó ìkarahun sílẹ̀ dáadáa. Fún akàn kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, mẹ́ta ni mo máa ń fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wọ̀, kí ẹnu wọn máa fẹ̀ ju ara wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ìkarahun ìgbín òkun tó nípọn ló dára jù. A tún lè lo ìkarahun ìgbín kéékèèké tí àwọn ìyá tó ń ta ìgbín lọ́jà bá fún wa. Ní àwọn erékùṣù kan ní Japan tí wọ́n kó ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà dé, àwọn akàn ibẹ̀ ti ń wọ ìkarahun rẹ̀. Ẹ sè é nínú omi, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó lò ó. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ẹ má rà á, torí ọ̀dà náà máa ń ṣí, akàn á sì jẹ ẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìkarahun ṣe ká wọn lára tó: ní Costa Rica, àwọn onímọ̀ gbé ẹran ara akàn tó ti kú sí etíkun, ni àwọn akàn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rọ́ wá. Òórùn yẹn ń sọ fún wọn pé ìkarahun kan ti lè ṣófo.

Èyí tó ká mi lára jù ni àsìkò. Akàn yìí máa ń wa yanrìn wọlé láti bọ́ awọ. Nígbà yẹn ara rẹ̀ rọ̀, kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, akàn mìíràn tó bá hú u kàn lè jẹ ẹ́. Bí èyí tó wà nílé bá ti rì mọ́lẹ̀, ẹ má tíì fi àlejò síbẹ̀, torí àlejò náà máa wa ilẹ̀ kiri bó bá ti dé ibi tí kò mọ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń wa ilẹ̀ ṣáá, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú, ó ti fẹ́ wọlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ti kékeré, ti àgbà lè gba oṣù. Ẹ má hú u wò. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ awọ tó bọ́, kí ara rẹ̀ tún lè le. Bó bá jáde, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, tó ń jẹun, tó ń rìn, ìgbà yẹn ni kí ẹ máa ronú ẹnìkejì.

Yanrìn náà gbọ́dọ̀ jìn tó kí àwọn méjèèjì lè wọlẹ̀ láìfarakan ara wọn. Kó má dín ní sẹ̀ǹtímítà 15, bí akàn yín bá sì tóbi, kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀. Ìwọ̀n yanrìn márùn-ún sí ìwọ̀n kan èérún èèpo àgbọn ni mo máa ń pò, màá wọ́n ọn lómi títí tí ẹ bá fún un mọ́wọ́ tí kò ní tú.

Fún àwa tó wà lókè níbí, afẹ́fẹ́ ni wàhálà tó le jù. Ohun tí akàn yìí fi ń mí jọ ti ẹja, bó bá gbẹ, kò lè mí mọ́. Ọ̀rinrin inú àpótí gíláàsì wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 75 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ooru rẹ̀ láàárín 24 sí 29 ní ìwọ̀n Celsius. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn méjèèjì, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Nígbà ọyẹ́, tí ètè wa ń bẹ́ tí ilẹ̀kùn pákó ń sán, ọ̀rinrin yàrá kò tó nǹkankan. Mo máa ń fi gíláàsì bo orí àpótí náà, màá sì fi náílọ́nù dí gbogbo etí rẹ̀ àfi ibi tóóró kan. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá yín mú akàn bọ̀ láti Èkó lóṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró di ìgbà òjò. Ẹ̀yin tó wà ní Kánò, tiyín tún le ju tiwa lọ.

Bí àlejò bá dé, ẹ má gbé e wọlé lọ́jọ́ náà. Ìrìn àjò gba Lọ́kọ́ja yẹn ti tó ìyà fún un. Ẹ fi sí àpótí tirẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó ní yanrìn tútù, ibi tó lè sá pamọ́ sí, àti omi méjì: omi tí kò níyọ̀ àti omi oníyọ̀. Iyọ̀ tí àwọn tó ń sin ẹja òkun ń lò ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kilorínì, ẹ gbé e kalẹ̀ láìdé e di ọjọ́ kejì. Ẹ tún wo àlejò náà dáadáa bóyá kòkòrò tíntìntín ń rìn lára rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ mú wọn pàdé, torí òru ni wọ́n ń rìn. Ẹ fi oúnjẹ sí ibi méjì: ẹja tàbí edé tí kò níyọ̀, àgbọn, èèpo ẹyin tí ẹ lọ̀. Wọn á fi ìwo tín-ín-rín orí wọn kan ara wọn, ọ̀kan á gun orí èkejì, ẹ tiẹ̀ lè gbọ́ kí wọ́n máa dún ṣíọ́ṣíọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ ara wọn nìyẹn. Ìgbà tí ọ̀kan bá di ẹnu ìkarahun èkejì mú, tó ń mì ín jìgìjìgì, tó sì ń ti ẹ̀mú rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ni kí ẹ dá sí i. Ẹ má fà wọ́n ya o. Akàn á jẹ́ kí ara òun já dípò kó jáde. Ẹ da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé wọn lórí, wọn á jáwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú ìkarahun tí èyí tó ń jà ń lé, kí ẹ wá èyí tó jọ ọ́, tó sì ṣe déédéé rẹ̀, fi síwájú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti lé ọ̀kan bọ́ síta, tó wà níhòòhò, ẹ fi ṣíbí bù ú sínú ife pẹ̀lú omi oníyọ̀ díẹ̀ àti ìkarahun méjì tàbí mẹ́ta tó bá a mu, ẹ fi aṣọ bo ife náà, ẹ kúrò nídìí rẹ̀. Kó wọ ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹ má dá a padà sọ́dọ̀ èkejì títí tí yóò fi máa jẹun, tí yóò sì máa rìn dáadáa.