Bébà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì ni o. Gáùn tí mo ń rán fún ayẹyẹ ọjọ́ Sátidé ti parí, irú tí wọ́n ń wọ̀ láyé 1950: ìbàdí fún mọ́ra, ìsàlẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn.

Pátánì, ìyẹn bébà tí wọ́n ya apá aṣọ kọ̀ọ̀kan sí láti fi gé aṣọ, tí wọ́n ń tà nínú àpò ìwé, ni mo lò. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà! Ọyẹ́ Kubwa gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbé apá ọwọ́ kan lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Agolo mílíìkì ni mo fi tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ kí n tó gé e.

Aṣọ nọ́ńbà 12 ni mo ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ nígbà tí mo fi téèpù wọn ara mi, 16 ni mo bọ́ sí nínú àtẹ ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn àpò pátánì náà. Ọpẹ́lọpẹ́ téèpù, ǹ bá ti ba ánkárá mi jẹ́.

Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, màmá mi dákẹ́, wọ́n kàn ń fọwọ́ ra etí gáùn náà. Wọ́n ní, "Irú èyí gan-an ni ìyá mi wọ̀ nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀ wa n'Ílọrin." Omijé lé ròrò sí mi lójú.

Ta ló ti rán aṣọ rí nínú yín, tó wá jọ ti ìyá àgbà rẹ̀?